Ta Ló Ń Kọ Orúkọ Gbogbo Ẹyẹ Ayé Sílẹ̀?



Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní agbègbè Ṣábẹ̀ mọ ẹyẹ dáadáa. Ẹ mọ ẹ̀ga tó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ láti fi kọ́ ìtẹ́. Ẹ mọ àparò tó ń hú àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ẹ mọ àwòdì tó ń gbé òròmọdìẹ. Ẹ mọ lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù àwọn Fúlàní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹ ka gbogbo ẹyẹ tí ẹ mọ orúkọ wọn, mélòó ni ẹ máa kà? Ṣé ogún ni? Ṣé ọgbọ̀n ni? Ọdẹ àgbà lè kà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní gbogbo ayé, irú ẹyẹ tó wà ju 11,000 lọ. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ láti ilẹ̀ púpọ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe ìwé orúkọ kan ní ọdún 2025. AviList ni wọ́n pè é. Irú ẹyẹ 11,131 ni wọ́n kà sínú rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń tọ́jú orúkọ tó pọ̀ tó báyìí kí ó má baà dàrú? Kí ni ó sì kan àwa tí a wà ní Ṣábẹ̀? Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ nìyẹn. Ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan oko yín, ó kan adìẹ yín, ó sì kan ìlera yín.

ORÚKỌ KAN, ẸYẸ MÉJÌ

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀kín. Bí ẹ bá bi ẹnì kan, yóò sọ pé ọ̀kín ni ẹyẹ ńlá tó máa ń na ìrù rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tí àwọn olówó ń sìn ní àgbàlá. Ilẹ̀ Íńdíà ni ẹyẹ yẹn ti wá. Bí ẹ bá bi ẹlòmíràn, yóò ní rárá o. Yóò sọ pé ọ̀kín ni ẹyẹ kékeré inú igbó tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn. Orúkọ kan ni wọ́n fi ń pe ẹyẹ méjì.

Ẹyẹ kan ṣoṣo náà lè ní orúkọ púpọ̀. Ní ọjà Ṣábẹ̀, a ń gbọ́ Yorùbá, Fọ̀n, Bàrùbá àti èdè Fúlàní. Àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ń sọ Faransé. Bí a bá sọdá odò Ọ̀pàrà sí Nàìjíríà, a óò bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé. Gbogbo wọn ló rí lékeléke. Olúkúlùkù ló ní orúkọ tó fi ń pè é.

Bóyá ẹ máa sọ pé, “Kí ló burú nínú ìyẹn?” Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìwòsàn ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní obìnrin méjì ń jẹ́ Adúkẹ́ ní abúlé kan. Àwọn méjèèjì lóyún. Àwọn méjèèjì ń lọ sí ilé ìwòsàn kan náà. Bí nọ́ọ̀sì bá kàn kọ “Adúkẹ́” sínú ìwé, oògùn ọ̀kan lè bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún aláboyún kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó ní nọ́ńbà. Bí Adúkẹ́ kan bá bí ìbejì, gbogbo abúlé yóò máa pè é ní Ìyá Ìbejì. Nọ́ńbà káàdì rẹ̀ kò ní yí padà. Nọ́ọ̀sì yóò ṣì mọ̀ pé òun náà ni.

Ẹyẹ náà nílò irú káàdì bẹ́ẹ̀.

ORÚKỌ TÍ LÉKELÉKE TI JẸ́

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìṣòro yìí bá. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù náà rí i nígbà àtijọ́ pé bí àwọn bá ń sọ̀rọ̀ ẹran àti ẹyẹ, àwọn kì í gbọ́ ara wọn yé. Ní ọdún 1758, ọkùnrin ará Sweden kan tó ń jẹ́ Carl Linnaeus tẹ ìwé kan jáde. Ó fún ẹran kọ̀ọ̀kan àti ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì tó so pọ̀, ní èdè Látìn. Èdè Látìn ni gbogbo onímọ̀ ibẹ̀ ń kà nígbà náà. Orúkọ àkọ́kọ́ dà bí orúkọ agboolé. Orúkọ kejì ni ti ẹyẹ náà fúnra rẹ̀.

Lékeléke wà nínú ìwé náà. Linnaeus pè é ní Ardea ibis. Ardea ni agboolé rẹ̀, ibis ni orúkọ tirẹ̀.

Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn onímọ̀ náà ń wo ilé ẹyẹ, ṣùgbọ́n ojú wọn kò rí ilé náà bákan náà. Ní ọdún 1855, onímọ̀ mìíràn yọ lékeléke kúrò ní agboolé Ardea. Ó kọ́ agboolé tuntun fún un, ó pè é ní Bubulcus. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni olùdarí màlúù. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí lékeléke lẹ́yìn màlúù mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ìwé fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ní àìpẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ yẹ ohun tí ọmọ ẹyẹ ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ òbí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn èyí, ìwé orúkọ púpọ̀ tún dá lékeléke padà sí agboolé Ardea.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Lékeléke mìíràn wà ní ilẹ̀ Éṣíà. Nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, àwọ̀ ọsàn máa ń bo orí àti ọrùn rẹ̀ ju ti wa lọ. Àwọn ìwé kan sọ pé ẹyẹ ọ̀tọ̀ ni. Àwọn ìwé mìíràn sọ pé ẹyẹ kan náà ni.

Ẹ ronú sí i. Láti ọdún 1758 títí di òní, lékeléke kò yí padà. Màlúù náà ló ń tẹ̀lé, tata náà ló ń jẹ. Orúkọ rẹ̀ ló ń yí. Bí ẹnì kan bá ka ìwé àtijọ́, tí ẹlòmíràn ka ìwé tuntun, wọ́n lè rò pé ẹyẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ.

ÀKÁ ORÚKỌ ẸYẸ

Ní ọdún 1992, onímọ̀ ẹyẹ kan ní ilẹ̀ Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ ẹyẹ jọ sínú kọ̀ǹpútà. Denis Lepage ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2003, ó gbé iṣẹ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó pè é ní Avibase.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ káàkiri ayé. Bí ọmọ yín bá ní fóònù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè ṣí Avibase láti Ṣábẹ̀.

Ẹ lè pe Avibase ní àká. A ń kó àgbàdo sínú àká kí ó má baà ṣègbé. Orúkọ ẹyẹ ni Lepage kó sínú tirẹ̀. Báyìí ni àká náà ṣe ń ṣiṣẹ́:

1. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí káàdì ilé ìwòsàn. Bí orúkọ bá tilẹ̀ yí, nọ́ńbà ni a fi ń mọ ẹyẹ tí à ń sọ.

2. A kì í ju orúkọ àtijọ́ nù. Bí ẹ bá kọ Bubulcus, ẹ óò rí lékeléke. Bí ẹ bá kọ Ardea ibis, lékeléke náà ni ẹ óò rí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè púpọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

3. Bí ìwé méjì kò bá fẹnu kò, àká náà kì í dá ẹjọ́ kí ó sì lé ẹnì kan jáde. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Ìwé báyìí sọ báyìí ní ọdún báyìí. Ìwé kejì sọ báyìí.” Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

4. Ó ní ìwé orúkọ fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè béèrè ẹyẹ tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí ní Tógò, tàbí ní Nàìjíríà.

Àgbẹ̀ mọ̀ pé kíkó àgbàdo sínú àká nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò kí kòkòrò má baà bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àká orúkọ. Ọdọọdún ni àwọn onímọ̀ ń tún ìwé wọn ṣe. Wọ́n lè pín ẹyẹ kan sí méjì. Wọ́n lè so méjì pọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n lè rí ẹyẹ tuntun nínú igbó. Ẹni tó ń ṣọ́ àká gbọ́dọ̀ fi gbogbo rẹ̀ sí ipò rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

MÍMỌ ẸBÍ ẸYẸ WÚLÒ NÍ ILÉ

Ìwé orúkọ kì í to ẹyẹ bí ó ṣe wù ú. Ó ń to wọ́n ní ẹbí-ẹbí. Adìẹ, àparò, awó àti tòlótòló jẹ́ ẹbí ńlá kan. Pẹ́pẹ́yẹ wà ní ẹbí mìíràn. Ẹyẹlé àti àdàbà wà ní ẹbí tiwọn.

Kí ni èyí wúlò fún? Àwọn tó jẹ́ ẹbí sábà máa ń ṣe àìsàn kan náà. Bí lùkúlùkú bá wọ agbo adìẹ, ẹ má rò pé adìẹ nìkan ló kàn. Ó lè mú awó. Ó lè mú tòlótòló. Ó lè kọjá ẹbí dé ọ̀dọ̀ ẹyẹlé. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé e kiri láìṣe àìsàn rárá. Nítorí náà, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹran kí ó wá fún àwọn ẹyẹ yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ jẹ́ kí àwọn aládùúgbò ṣe tiwọn ní ọjọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ìrísí nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ẹbí. Àwọn àṣá kan wà tí apá wọn ṣe ṣóńṣó, tí wọ́n ń fò bí ọfà. Gbogbo ayé rò pé ẹbí àwòdì ni wọ́n. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ tó yẹ ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ wò rí i pé àwọn àṣá yìí súnmọ́ odídẹrẹ́ ju àwòdì lọ.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ ká kọdọrọ ní àṣá, wọ́n sì ń pa gbogbo wọn nítorí òròmọdìẹ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé òròmọdìẹ. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń wá sí ọ̀dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó jẹ́ pé tata ni oúnjẹ rẹ̀. Òwìwí tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù ń pa eku tó ń jẹ àgbàdo wa ní àká. Bí a kò bá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, a óò máa pa ọ̀rẹ́ wa pọ̀ mọ́ olè.

IGÚN TI Ń LỌ

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè kan. Ìgbà wo ni ẹ rí igún kẹ́yìn ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran? Mélòó ni wọ́n?

Àwọn àgbà yóò sọ pé igún pọ̀ nígbà kan. Báwo ni ó ṣe pọ̀ tó? Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibòmíràn ní Áfíríkà, àwọn ènìyàn ka igún, wọ́n sì kọ ọ́. Igún kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí orí rẹ̀ pá, tó máa ń wọ ìlú, Necrosyrtes monachus ni orúkọ rẹ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Sẹ̀nẹ̀gà kọ́ ni wọ́n ń sọ ní Gánà tàbí ní Kẹ́ńyà. Ṣùgbọ́n nítorí pé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn kọ, a lè fi ìwé wọn wé ara wọn. A mọ̀ pé ẹyẹ kan náà ni wọ́n kà.

Kí ni wọ́n rí? Ní ọdún 2015, a kọ igún yìí sí ara àwọn ẹyẹ tó súnmọ́ àtirun pátápátá. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé láàárín ìran igún mẹ́ta, nínú 100, bí 83 ti lọ. Májèlé ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ènìyàn sì ń pa wọ́n láti tà wọ́n fún oògùn ìbílẹ̀. Ní ọdún 2019 àti 2020, ní ilẹ̀ Guinea-Bissau, igún tó ju 2,000 lọ ni a fi májèlé pa.

Ẹ má sọ pé, “Kí ni a fẹ́ fi igún ṣe?” Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n ń fún màlúù ní oògùn ìrora kan tí a ń pè ní diclofenac. Igún tó bá jẹ òkú màlúù náà ń kú. Igún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó rí ìdí rẹ̀ ní ọdún 2004. Ní ọdún 2006, ìjọba Íńdíà fi òfin de oògùn náà fún ẹran. Ṣùgbọ́n òkú ẹran ti ń jẹrà ní gbangba. Àwọn ajá ìgboro rí oúnjẹ jẹ, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ajá ló sì ń gbé àrùn dìgbòlugi kiri. Igún ni agbálẹ̀ tí a kì í san owó fún.

OHUN TÍ Ẹ̀YIN NÁÀ LÈ ṢE

Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Agbára ńlá ni. Àwọn ọdẹ àgbà tó wà ní abúlé yín mọ orúkọ ẹyẹ tí kò sí nínú ìwé kankan. Wọ́n mọ ẹyẹ tó ń ké kí òjò tó rọ̀. Wọ́n mọ èyí tó ń fi ibi tí oyin wà hàn. Bí wọ́n bá kú láìjẹ́ pé a kọ ọ́, orúkọ náà bá wọn lọ nìyẹn. Ní ọdún 2019, tọkọtaya onímọ̀ ẹyẹ kan, Robert Dowsett àti Françoise Dowsett-Lemaire, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ẹyẹ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ará Ṣábẹ̀ ń pe ẹyẹ, ará Ṣábẹ̀ ló yẹ kí ó kọ ọ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Bí ẹ bá rí ẹyẹ, ẹ kọ ohun márùn-ún: ọjọ́, ibi, orúkọ, iye, àti ohun tó ń ṣe. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

Ọjọ́ 12, oṣù Ṣẹ́rẹ́. Oko kajú. Lékeléke. 30. Wọ́n ń tẹ̀lé màlúù.

Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ẹyẹ, ẹ má ṣe fi orúkọ ẹyẹ mìíràn sí i. Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀, bí ó ṣe tóbi tó, bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí, àti bí ó ṣe ń ké. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà. Bí àgbà méjì bá sọ orúkọ méjì, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì kọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Avibase ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn.

Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ KÍYÈ SÍ ÈYÍ

Bí ẹ bá rí ẹyẹ tó kú láìnídìí, pàápàá bí wọ́n bá pọ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Ẹ má jẹ ẹ́. Àrùn ẹyẹ tó ń mú ènìyàn wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006, ó sì dé Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2007. Ẹ tètè sọ fún òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹran. Ẹ sọ ọjọ́, ibi, iye àti orúkọ ẹyẹ náà fún un. Bí orúkọ bá pé, iṣẹ́ rẹ̀ yóò yá.

Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sínú àgbàdo láti fi pa ẹyẹ. Ènìyàn tó bá jẹ ẹyẹ tí májèlé pa lè kú. Igún tó bá jẹ òkú rẹ̀ yóò kú pẹ̀lú.

Ẹ JẸ́ KÍ A JÍRÒRÒ

1. Ẹyẹ wo ni ẹ ń pe ní ọ̀kín ní abúlé yín?
2. Kí nìdí tí nọ́ńbà fi wúlò ju orúkọ nìkan lọ nínú káàdì ilé ìwòsàn? Kí nìdí tí ó fi wúlò fún ẹyẹ?
3. Ẹyẹ wo ni ẹ mọ̀ ní kékeré tí ẹ kò rí mọ́? Ta ni ó ṣì mọ orúkọ rẹ̀ ní abúlé yín?
4. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ọdẹ àgbà kan. Ẹ kọ orúkọ ẹyẹ mẹ́wàá tó bá kà fún yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.